Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ìmúrasílẹ̀ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tógò fún Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé Ọdún 2006

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú lónìí jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí ẹgbẹ́ kékeré kan bá ń múra láti lọ kojú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ìdíje ńlá, kí ni ohun náà gan-an tí ó yẹ kí ó múra sílẹ̀?

Bí a bá bi àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ níbí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ní ìbéèrè yìí, èsì wọn kò ní pẹ́ jáde. Wọn yóò ní kí a máa sáré ní òwúrọ̀, kí a máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì wá bàtà tí ó dára. Èsì náà kò burú, àmọ́ kò kún tó. Àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òkúta mẹ́ta ni ìyá wa máa ń tò yí iná ká kí ó tó gbé ìkòkò lé e. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá yẹ̀, ìkòkò yóò dojú dé, bí ọbẹ̀ inú rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ní ààrò mẹ́ta. Èkíní ni ara àti ẹsẹ̀: agbára, ìmọ̀ àti ìgbọ́ra-ẹni-yé lórí pápá. Èkejì ni olórí, èyíinì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni àdéhùn láàárín àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù àti àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́: kí ni a ó san, ta ni yóò san án, ìgbà wo ni yóò sì san án? Orílẹ̀-èdè ńlá lè ní òkúta kẹrin àti ìkarùn-ún, nítorí ó ní owó rẹpẹtẹ, ó sì ní ogún agbábọ́ọ̀lù mìíràn tí ó lè pè bí mẹ́wàá bá bínú. Mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ kékeré ní, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀kan yẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kò jìnnà sí wa. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Èkó kọjá sí Ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tí ó sì la ilẹ̀ náà kọjá, Tógò ni yóò kàn. Ìbátan wa ni àwọn kan lára àwọn ará ibẹ̀, nítorí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Atakpamé, tí àwọn mìíràn ń pè ní Àná, jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá. Ní ọdún 2006, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn ni ó wà ní Tógò, nígbà tí ìkànìyàn ti ọdún kan náà fi hàn pé a lé ní mílíọ̀nù 140 ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, Tógò ni ó lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Jámánì ní ọdún náà. Àwa kò lọ, nítorí Àǹgólà ti gba ipò náà mọ́ wa lọ́wọ́.

Báwo ni Tógò ṣe dé ibẹ̀? Ọmọ Nàìjíríà ni ó kó wọn dé ibẹ̀. Stephen Keshi, ẹni tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ Nàìjíríà nígbà tí a gba Ife Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ọdún 1994, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Nínú ìsọ̀rí wọn ni Sẹ̀nẹ̀gà wà, ẹgbẹ́ tí ó ti na Faransé ní Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, tí ó sì dé ìpele tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ níbẹ̀. Sáḿbíà àti Málì náà wà níbẹ̀. Sáḿbíà na Tógò ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìsọ̀rí náà, àwọn tí wọ́n sì ti fojú tín-ín-rín wọn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò parí. Ní ọjọ́ 8, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2005, Tógò na Kóńgò ní Brazzaville ní góòlù 3 sí 2, wọ́n sì fi àmì méjì ta Sẹ̀nẹ̀gà yọ. Góòlù 11 ni Emmanuel Adébáyọ̀, ọmọ tí a bí sí Lomé fún àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà, gbá sáwọ̀n nínú ìdíje àṣeyẹ náà. Kò sí ẹlòmíràn ní Ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n na Kóńgò yẹn, ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dúró ṣinṣin. Ara le, ẹsẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Olórí wà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìdùnnú sì wà láàárín ilé àti oko, débi pé kò sí ẹni tí ń bèèrè owó. Oṣù mẹ́jọ ni ó wà láàárín ọjọ́ náà àti ọjọ́ tí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé yóò bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì. Nínú oṣù mẹ́jọ yìí ni ìmúrasílẹ̀ gidi wà, inú rẹ̀ náà ni òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òkúta olórí ni ó kọ́kọ́ yẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2006, Tógò lọ sí Ìjíbítì fún Ife Ilẹ̀ Adúláwọ̀. Aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín Keshi àti Adébáyọ̀, èyíinì ni láàárín orí àti ọwọ́ ọ̀tún. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ti fìdí rẹmi. Bí wọ́n ti darí dé, a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Keshi, a sì gbé e fún Otto Pfister, ọmọ Jámánì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ilẹ̀ Adúláwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ti kó àwọn ọ̀dọ́ Gánà gba ife àgbáyé ní ọdún 1991. A kò lè sọ pé Pfister kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin péré ni ó kù. Ẹ rántí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kì í jókòó sójú kan. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ ní Yúróòpù ni wọ́n máa ń wà, ọjọ́ díẹ̀ ni a sì ń yọ̀ǹda wọn. Nítorí náà, oṣù mẹ́rin akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí pápá. Kí ó tó mọ ẹni tí ó lè fi ọkàn tán, ìdíje ti dé.

Òkúta kẹta, àdéhùn, ni ó wá da ọbẹ̀ nù. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bá lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ni FIFA ń san owó fún. Àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà ni owó ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, àjọ náà sì ni ó yẹ kí ó bá àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹnu kò lórí ìpín tiwọn, èyí tí a ń pè ní àjẹmọ́nú. Tógò kò tí ì lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí àṣà kan nílẹ̀ tí a lè tẹ̀ lé. Wọ́n wọ ibùdó ìgbáradì ní Jámánì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó tí kò tí ì yanjú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti ṣe ìgbáradì. Ní ọjọ́ 9, oṣù Òkudù, ọjọ́ tí ìdíje ṣí gan-an, Pfister fi ibùdó sílẹ̀ nítorí ìjà owó náà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó kù kí Tógò gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà, ó sì padà ní ọjọ́ 12, nígbà tí ilẹ̀ ọ̀la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ 13, ní Frankfurt, wọ́n kojú Kòríà Gúúsù. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Mohamed Kader gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 31. Tógò ni ó wà níwájú! Títí ìdajì àkọ́kọ́ fi parí, iwájú ni wọ́n wà. Nígbà tí a padà dé, rẹfirí na káàdì pupa sí Jean-Paul Abalo, balógun ikọ̀, Kòríà sì fi bọ́ọ̀lù tí a fún wọn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà dá góòlù padà. Nígbà tí yóò fi parí, 2 sí 1 ni Kòríà fi borí. Kí wọ́n tó kojú Swítísálàǹdì ní ọjọ́ 19, àwọn agbábọ́ọ̀lù tún ní àwọn kò lọ sí Dortmund bí owó kò bá dé. FIFA ni ó dá sí i kí wọ́n tó wọkọ̀. Wọ́n fìdí rẹmi ní 2 sí 0. Faransé náà na wọ́n ní 2 sí 0 ní ọjọ́ 23 ní Köln, ó sì parí síbẹ̀. Góòlù Kader yẹn nìkan ni Tógò gbá ní Jámánì, títí di òní wọn kò sì tí ì padà sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Ẹnìkan lè bi wá léèrè pé: ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé kì í ṣe ojúkòkòrò ni ó mú kí ọmọ orílẹ̀-èdè máa dúnàá-dúrà lójú gbogbo ayé? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ gbé síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, nítorí òtítọ́ wà lápá méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu agbábọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ni oko rẹ̀, oko náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó ṣá. Bí ó bá tó ọmọ ọdún 35, ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni Adébáyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kéékèèké tí owó wọn kò tó nǹkan. Òógùn wọn ni ó mú owó FIFA wá. Bí ẹni tí ó gbin iṣu bá bèèrè ìwọ̀n tirẹ̀, a kò lè pè é ní ọ̀kánjúwà.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ìjọba àti àjọ bọ́ọ̀lù náà. Orílẹ̀-èdè tálákà ni Tógò. Ilé-ìwòsàn ń bèèrè, ilé-ẹ̀kọ́ ń bèèrè. Alákòóso kan lè ronú pé ìwọ̀sí ni kí àwọn ọ̀dọ́ máa dá iye lé orílẹ̀-èdè tí ó bí wọn lórí, nígbà tí ó yẹ kí àǹfààní láti wọ aṣọ rẹ̀ tó wọn lérè. Èrò yìí náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ó ba iṣẹ́ jẹ́ kì í ṣe pé àwọn agbábọ́ọ̀lù bèèrè, kì í sì í ṣe pé àwọn alákòóso kò fẹ́ san tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a fi í sí ni ó burú. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a jókòó sọ ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn, ni a gbé dé oṣù Òkudù, nígbà tí ọ̀tá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni a fi wo ogiri tí ó lanu láìrẹ́ ẹ.

Èmi kò sọ pé bí àdéhùn bá ti wà, Tógò ì bá na Faransé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dunni jù ni pé a kò ní mọ̀ láé. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n wà níwájú Kòríà fún ìdajì eré kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi jà, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sùn, kí ni wọn ì bá ṣe bí wọ́n bá ti fi ọ̀sẹ̀ náà sinmi? Ìbéèrè yìí ni wọn yóò máa bi ara wọn títí ọjọ́ alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi aládùúgbò wọn wé wọn, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa sí i. Ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ti lọ sí Ife Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ọdún 2004, 2008 àti 2010. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá, wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́jọ, wọ́n sì gbá ọ̀mì kan. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó kéré ju èyí lọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019, wọ́n na Tógò gan-an ní Kútọnu ní 2 sí 1 láti lè lọ sí Ìjíbítì. Michel Dussuyer ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Kì í ṣe àlejò, nítorí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọn kò tan ara wọn jẹ pé àwọn yóò máa gbá góòlù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n gbá ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Gánà, ọ̀mì òdo pẹ̀lú Gínì-Bisaù, ọ̀mì òdo pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Wọ́n wá kojú Mòrókò.

Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, gẹ́gẹ́ bí Tógò ti ṣe sí Kòríà. Mòrókò dá a padà, gẹ́gẹ́ bí Kòríà ti ṣe. Rẹfirí na káàdì pupa sí ọ̀kan nínú wọn ní àfikún àkókò, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí Abalo. Ṣùgbọ́n wọn kò wó. Ẹni mẹ́wàá dúró títí àkókò fi pé, wọ́n sì fi pẹ́nárítì borí ní 4 sí 1. Báyìí ni Bẹ̀nẹ̀ ṣe wọ ìpele tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ láìborí nínú àkókò eré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí Sẹ̀nẹ̀gà tó fi góòlù kan péré lé wọn jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kéré, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀ka tí ó lè gbà á dúró.

Kí a má sì rò pé àìsàn Tógò kò kan ilé tiwa. Ní Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ní Brazil, ìjọba Gánà ní láti fi ọkọ̀ òfuurufú kó owó tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Kamẹrúùnù kọ̀ láti wọkọ̀ ní àkókò tí a dá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pàápàá kọ̀ láti ṣe ìgbáradì kí wọ́n tó kojú Faransé, nítorí àjẹmọ́nú. Keshi kan náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, ẹni tí ó ti kó wa gba Ife Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ọdún 2013, tí ó sì di ẹnì kejì, lẹ́yìn El-Gohary ti Ìjíbítì, tí ó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Tógò kọ́ ni ó bá a dé Nàìjíríà. Ó ti wà nílẹ̀ dè é ni.

Ìjẹ̀bú ni wá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Kò sí rẹgbẹrẹgbẹ́ tí ń dúró di ọjọ́ Ojúde Ọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiroro aṣọ tí yóò wọ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé rárá ni a ti ń ṣèpàdé, tí a ń dá owó, tí a ń mọ ẹni tí yóò lọ ra aṣọ àti ẹni tí yóò pa owó mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń jó kọjá níwájú Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ijó nìkan ni ó kù fún wọn láti rò. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsúsú. Kì í ṣe iye owó ni ó ń mú èsúsú dúró bí kò ṣe pé ẹni tí ó kàn mọ̀ dájú pé owó òun yóò dé ọwọ́ òun ní ọjọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìdánilójú yẹn bá ti lọ, èsúsú ti tú nìyẹn, ì báà jẹ́ ọlọ́rọ̀ ni ó kún inú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwa náà ni alákòóso ẹgbẹ́ kékeré. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin bá fẹ́ lọ kojú ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí a rántí ààrò mẹ́ta. Kí a kọ́ ara àti ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí a má pààrọ̀ olùdarí nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àyàfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Kí a kọ ohun tí a ṣèlérí sílẹ̀ kí ìgbáradì tó bẹ̀rẹ̀: owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, aṣọ, bàtà. Ohun tí a kò bá lè ṣe, kí a sọ pé a kò lè ṣe é. Ọmọ lè fi bàtà àtijọ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí ó sì gbá a tọkàntọkàn, bí ó bá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bàtà àtijọ́ ni. Bàtà tuntun tí a ṣèlérí tí a kò rà ni ó máa ń wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá sì kọ́ ní ọmọ ọdún 14 pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣẹ, orí pápá nìkan kọ́ ni yóò ti lo ẹ̀kọ́ náà.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹgbẹ́ kékeré lè há ẹgbẹ́ ńlá lọ́fun, bí àwọn tí ó rán an jáde bá ti parí ọ̀rọ̀ ilé nílé. Àkókò wa pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láàárín ara yín ní kíláàsì àti ní yàrá olùkọ́.